Ẹni Tó Tà Á fún Yín, Ṣé Tirẹ̀ Ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ́fíìsì oníyàrá kan tàbí méjì ni mo tìtorí yín jókòó síbí láàárọ̀ yìí: ẹ̀yin oníléèwé aládàáni, ẹ̀yin onílé-ìtẹ̀wé, ẹ̀yin olóògùn, ẹ̀yin agbẹjọ́rò tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà mẹ́ta ṣe iṣẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì sọ́fíwíà ni mo gbé wá. Windows, Office, AutoCAD, Photoshop, QuickBooks, àwọn nǹkan tí kọ̀ǹpútà fi ń wúlò fún wa, tí àwọn kan ń tà ní owó pọ́ọ́kú lórí WhatsApp, lórí Instagram, àti lójú pópó ní Computer Village n'Ikẹja.

Ẹ ó ti gbọ́ ìpolówó wọn rí. "Mọ̀mí, Office títí ayé ni o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa sanwó. Ẹ̀rọ márùn-ún lẹ lè fi sí." Owó tí wọ́n dá lé e lè má tó owó epo jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ méjì. Ẹ ó san án, ọmọ náà á tẹ nǹkan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, Word á ṣí, Excel á ṣí, iṣẹ́ á máa lọ geere. Ó di bí oṣù mẹ́fà sí i, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, Excel á ṣí ìwé owó yín kí ẹ máa wò ó, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ pe nọ́ńbà ọmọ náà, kò wọlé.

Mi ò ní bá ẹni tó kó sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wí, torí mo mọ ohun tó gbé e débẹ̀. Ẹ bá mi wo ìṣirò yìí. Microsoft 365 Business Standard wà lára èyí tí ọ́fíìsì kéékèèké máa ń lò. Fún ọdún pípẹ́, dọ́là 12 àti ààbọ̀ lóṣù lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún odidi ọdún. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Bí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, ₦28,750 lóṣù nìyẹn. Nígbà tí dọ́là di ₦1,500 ní ọdún 2024, òṣìṣẹ́ márùn-ún kan náà di ₦93,750. Iye dọ́là kò yẹ̀, náírà ló wálẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní owó wà nílẹ̀. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná sókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, nígbà tó sì yá, àwọn mìíràn dá a dúró pátápátá. Ó di ọdún 2025 kí àwọn báńkì kan tó tún ṣí i. Òṣìṣẹ́ márùn-ún nílò dọ́là 62 àti ààbọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, oníṣòwò tó fẹ́ san owó tó tọ́ gan-an kò rí káàdì fi san án, ọmọ tó wà n'Ikẹja sì ń gba tiransífà. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe olè ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra láísẹ́ǹsì ọ̀pọ̀. Wọ́n gbà tọkàntọkàn pé owó ọjà ni àwọn san. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tà ní Computer Village ló ń ṣe màgòmágó, àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe sọ́fíwíà ṣòwò tààrà wà níbẹ̀, ọjà wọn dára.

Ṣùgbọ́n ibo ni kóòdù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń ṣí sọ́fíwíà fún yín ti ń wá? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ayédèrú ni, pé ẹnì kan jókòó síbì kan ló ń rọ ọ́. Ó máa ń jẹ́ kóòdù gidi. Ẹlòmíràn ló ni ín.

Ilé-iṣẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà ẹgbẹ̀rún kan kì í ra kóòdù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á bá Microsoft wọ àdéhùn, Microsoft á fún wọn ní kóòdù kan tó lè ṣí iye ẹ̀rọ kan pàtó. MAK ni wọ́n ń pè é. Kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ilé-iṣẹ́ náà. Àmọ́ òṣìṣẹ́ kan á dà á kọ, á tà á síta, ẹni tó rà á náà á tún un tà fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ṣe ń ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́ta: gbogbo wọn ló ní rìsíìtì lọ́wọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé búlọ́ọ̀kù dé ni wọ́n ń ríra wọn. Ọjọ́ tí Microsoft bá rí i pé kóòdù kan ti jáde sígboro, wọ́n á tì í pa. Wọn ò mọ̀ yín, wọn ò sì jẹ yín ní gbèsè, torí orúkọ yín kò sí nínú àdéhùn kankan.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní KMS, òun ló fa oṣù mẹ́fà tí mo mẹ́nu bà. Ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ní ẹ̀rọ kan nínú ilé wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fọwọ́ sí i fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù pé ará ilé ni wọ́n. Ìfọwọ́sí yẹn ń lo ọjọ́ 180, kọ̀ǹpútà á sì máa gbìyànjú lọ́jọ́ méje méje láti tún un gbà. Kò wà fún ọ́fíìsì kékeré rárá: ó kéré tán, kọ̀ǹpútà 25 gbọ́dọ̀ wà kó tó lè ṣí Windows fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń ṣe ni pé á darí ẹ̀rọ yín sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ olówó rẹ̀, tàbí kó gbé sọ́fíwíà kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà yín tí á máa díbọ́n pé òun ni ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńlá. Bí ìdíbọ́n yẹn bá já, ọjọ́ 180 á pé, ìfọwọ́sí náà á sì parí. Wọ́n sì ti pè é ní títí ayé nígbà tí wọ́n ń gba owó yín.

Ẹ̀kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọn kì í ta kóòdù níbẹ̀ mọ́, àkáǹtì ni wọ́n ń tà. Wọ́n á fi orúkọ ìméèlì kan àti páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí yín, wọ́n á ní kí ẹ fi wọlé sí Office, wọ́n á tún ní ibi ìkófáìlìsí ràbàtà wà níbẹ̀ fún yín lórí OneDrive. Ọ̀pọ̀ irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, orúkọ iléèwé kan ní ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ṣí i. Alábòójútó wà lókè àkáǹtì yẹn. Ó lè yí páásíwọ́ọ̀dù yín padà nígbà tó bá wù ú. Ó lè fún ara rẹ̀ láyè láti wọ inú OneDrive yín, kó ka ìwé àdéhùn yín, kó wo orúkọ oníbàárà yín, kó kó o lọ, kó sì pa á rẹ́. Kò nílò láti já ilẹ̀kùn kankan. Ẹ̀yin lẹ gbé ẹrù yín lọ sínú ilé rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ ní in lọ́kàn láti ṣe yín ní ibi. Microsoft ní ètò kan tẹ́lẹ̀ fún àwọn iléèwé, Office 365 A1 Plus, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn oníṣòwò ọ̀nà ẹ̀bùrú ta àkáǹtì rẹ̀ káàkiri ayé pé títí ayé ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Microsoft fòpin sí ètò náà. Iléèwé tó jẹ́ iléèwé lóòótọ́ gba ìkìlọ̀ ṣáájú, wọ́n rí àyè múra. Ta ló máa kọ̀wé sí onílé oògùn kan ní Oṣogbo tó ń lo àkáǹtì yunifásítì tí kò mọ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kó wá kan ti fáírọ́ọ̀sì. Bí ẹni tó fẹ́ bá yín ṣí Windows tàbí Office bá sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus kí iṣẹ́ òun tó lè lọ, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun èlò tí wọ́n sábà ń lò ni KMSPico. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè dì í sínú àpò pẹ̀lú ohun tó bá wù ú, kó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ aláàbò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Red Canary sọ fún ayé pé àwọn rí KMSPico tí wọ́n fi nǹkan kan pamọ́ sínú rẹ̀ tí à ń pè ní CryptBot. Iṣẹ́ CryptBot ni láti kó gbogbo páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ti ní kí Chrome bá yín rántí, pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Google kéde pé àwọn ti pe àwọn tó ń pín in lẹ́jọ́ ní New York, wọ́n sì sọ pé kọ̀ǹpútà tó tó 670,000 ló ti wọ̀ láàárín ọdún kan. Word yín á máa ṣiṣẹ́ dáadáa ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹ ò ní fura.

Òmíràn kì í fara pamọ́. STOP lorúkọ rẹ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní Djvu. Inú irú ohun èlò ìṣísọ́fíwíà bẹ́ẹ̀ ló ti ń wọlé sára ẹ̀rọ àwọn ènìyàn láti bí ọdún mélòó kan. Á ti gbogbo fáìlì yín pa, á wá fi ìwé kan sílẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà pé ẹ san dọ́là 980, bí ẹ bá tètè kàn sí àwọn láàárín wákàtí 72, àwọn á gba dọ́là 490. Ẹ rántí dọ́là 12 àti ààbọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta, fún odidi ọdún kan, dọ́là 450 ni. Owó tí àwọn ọ̀daràn yìí pè ní ẹ̀dínwó ju owó tí ọ́fíìsì olóṣìṣẹ́ mẹ́ta ì bá san fún ojúlówó lọ. Bí ẹ bá sì san án, kò sí ẹni tó lè ṣe onídùúró fún yín pé fáìlì yín á padà.

Ní ti òfin, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin Copyright ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka sọ́fíwíà mọ́ iṣẹ́ tí olówó rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Èyí tí oníṣòwò kékeré kì í sábà ronú kàn ni òfin tó dáàbò bo ìwífún nípa ara ẹni, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Bí ìwífún àwọn ènìyàn tó wà níkàáwọ́ yín bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó sì jẹ́ irú èyí tó lè kó wọn sí wàhálà, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó Àjọ tó ń bójú tó o létí. Ilé oògùn mọ àìsàn tí aládùúgbò ń tọ́jú. Iléèwé mọ ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé àti nọ́ńbà bàbá rẹ̀. Wọ́n fọkàn tán yín ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó rà á ní ọ̀pọ̀ kọ́ ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ nìkan.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí wọ́n ń ta láísẹ́ǹsì àlòkù ní gbangba ní Yúróòpù. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 2012, ilé ẹjọ́ Àjọṣepọ̀ Yúróòpù ní Luxembourg dá ẹjọ́ tó wà láàárín UsedSoft àti Oracle. Wọ́n ní ẹni tó bá ra sọ́fíwíà tán pátápátá lè tà á fún ẹlòmíràn, bó bá ti lè pa èyí tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ rẹ́. Wọ́n sì sọ pé ẹni tó ra láísẹ́ǹsì púpọ̀ pa pọ̀ kò lè ya díẹ̀ tà nínú rẹ̀. Ìdájọ́ Yúróòpù nìyẹn, kò dé Nàìjíríà. Ní Jámánì pàápàá, ibi tí ẹjọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé ìtajà oúnjẹ Edeka ta káàdì tí kóòdù Windows àti Office wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Lizengo ló wà nídìí káàdì náà, Microsoft sì gbé Lizengo lọ sílé ẹjọ́ ní ìlú Köln. Ilé ìtajà tí gbogbo ayé mọ̀ ni àwọn tó rà á ti rà á o, tòun ti rìsíìtì.

Kí lẹ wá lè ṣe? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ tó wà níwájú yín. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ R, àpótí kékeré kan á yọ. Ẹ kọ slmgr síbẹ̀, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, ẹ fi slash kan sí i, ẹ kọ xpr, ẹ tẹ Enter. Bí ọjọ́ kan bá jáde pé ọjọ́ báyìí ni Windows yín máa parí, tí ọ́fíìsì yín kì í sì í ṣe ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ńlá kankan, KMS ni wọ́n ṣe fún yín. Bó bá ní títí láé ni, ẹ má tíì yọ̀, torí MAK náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Activation sí, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá dárúkọ organization, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá yín ṣe é pé ilé-iṣẹ́ ta ni. Ní ti Office, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé àmì @ nínú ìméèlì tí ẹ fi ń wọlé. Bó bá jẹ́ orúkọ iléèwé tàbí ilé-iṣẹ́ tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ tètè kó fáìlì yín kúrò níbẹ̀ lónìí.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo láàpútọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀, Dell Latitude, HP EliteBook, ThinkPad àti irú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní láísẹ́ǹsì Windows ojúlówó lára. Láti ìgbà Windows 8, ní ọdún 2012, ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ń kọ kóòdù náà sínú bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11 ni ẹ̀rọ yín bá wá láti ilé-iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún irú Windows kan náà gbé sí i láti ojú ewé Microsoft, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, á ṣí ara rẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn tó ń sanwó fún ẹni tó pa ojúlówó rẹ́ kúrò lára ẹ̀rọ wọn, tó fi èyí tí wọ́n jí gbé rọ́pò rẹ̀.

Fún lẹ́tà, ìwé owó àti ìwé ìbéèrè ìdánwò, LibreOffice wà. Ọ̀fẹ́ ni, òfin sì fàyè gbà á fún iṣẹ́ ajé. Ó ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Mi ò ní tàn yín: bí ìwé Excel yín bá kún fún máákírò, àwọn kan nínú rẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ lè ṣì nílò Microsoft fún ẹnì kan tàbí méjì. GnuCash náà wà fún ìṣirò owó, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kò pọn dandan kí gbogbo kọ̀ǹpútà márùn-ún ní ohun kan náà lórí. Akápò lè nílò Excel nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ni akọ̀wé ń tẹ̀.

Bí ẹ bá máa ra ti Microsoft, àwọn aṣojú wọn wà ní Nàìjíríà tó ń gba náírà, ẹ lè yẹ orúkọ wọn wò lójú ewé Microsoft kí ẹ tó sanwó. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó ṣe kókó: orúkọ ta ni wọ́n máa fi ṣí i, ta ni yóò sì jẹ́ alábòójútó? Ẹ̀yin ni kó jẹ́, lórí ìméèlì tó jẹ́ tiyín. Bí onítọ̀hún bá ní kí ẹ má ṣèyọnu, òun á máa bá yín bójú tó o láti ọ̀dọ̀ òun, tí kò sì fẹ́ kí orúkọ yín wà lókè, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi KMSPico tàbí irú rẹ̀ sí ẹ̀rọ rí, yíyọ tí ẹ bá yọ ọ́ nìkan kò tó. Ẹ da àwọn ìwé yín kọ sórí ohun mìíràn, ìwé nìkan, ẹ má da sọ́fíwíà kankan mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nu ẹ̀rọ náà mọ́ pátápátá kí wọ́n tó gbé Windows tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù yín padà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rọ tí wọn ò tíì nù yẹn ṣe é, torí bí nǹkan bá wà nínú rẹ̀, tuntun tí ẹ ń tẹ̀ náà ló máa kó. Fóònù yín tàbí ẹ̀rọ mìíràn ni kí ẹ lò. Ti ìméèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí, kó tó kan ti báńkì, nítorí inú ìméèlì ni ẹni tó bá fẹ́ gba báńkì yín máa kọ́kọ́ gbà.